Ẹ Jẹ́ Kí Omi Gbó Kí Ẹja Tó Wọ̀ Ọ́

"Ẹja dà?" Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá ìwádìí ẹ̀ka wa ń bi wá nìyẹn, láti ọjọ́ tí a ti gbé táǹkì onígíláàsì tuntun sí igun tí oòrùn kì í dé. Wọ́n á rí omi tó mọ́ gaara, wọ́n á rí òkúta àti yanrìn funfun, wọ́n á rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń tàn lórí rẹ̀. Wọ́n á wá tẹ ojú mọ́ gíláàsì títí, wọn ò ní rí nǹkan kan tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ dá owó táǹkì náà jọ pàápàá ti ń béèrè lórí WhatsApp. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ti ní kí a tètè lọ ra ẹja sínú rẹ̀ kí ọjọ́ ìpadàbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó pé, kí àlejò má baà wá wo omi lásán.

Ẹ dákun, a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé owó ti tán, a ò sì gbàgbé. Omi náà kò tíì gbó ni, ìyà sì ni ẹja máa ń jẹ nínú omi tí kò tíì gbó. A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn lè mọ ohun tó ń jiyàn lé lórí.

Ẹja ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, ó sì ń tú ammonia jáde láti ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Nínú òkun, omi pọ̀ débi pé ammonia yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú táǹkì lítà 75, tí omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí lítà 60 lọ tí a bá yọ àyè òkúta àti yanrìn kúrò, kò sí ibi tí yóò gbà lọ. Yóò máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, yóò sì máa jó ẹja níbi tó fi ń mí gan-an. Omi òkun tún burú ju omi odò lọ ní apá ibí yìí. pH rẹ̀ máa ń wà láàárín 8.1 sí 8.3, ooru ilẹ̀ wa náà sì ga. Bí méjèèjì bá ṣe ń ga sí i ni apá tó ń pa ẹja nínú ammonia ń pọ̀ sí i.

Bakitéríà ló ń gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Oríṣi kan ń jẹ ammonia, ó sì ń sọ ọ́ di nitrite. Oríṣi mìíràn ń jẹ nitrite, ó ń sọ ọ́ di nitrate, èyí tí kò le tó àwọn méjì ìṣáájú, tí a sì lè máa dín kù nípa pípààrọ̀ omi. Ara òkúta, yanrìn àti asẹ́ ni àwọn bakitéríà yìí ń lẹ̀ mọ́. Wọn kì í pọ̀ kíákíá bí èyí tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó ẹrù tí a fẹ́ gbé lé wọn lórí, pàápàá fún òkúta gbígbẹ bíi tiwa.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo fún ògì rí mọ̀ pé ohun kan wà nínú omi yẹn tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí òun ń sùn. Ògì kì í kan nítorí pé ẹni tó rẹ ẹ́ ń kánjú. Àwọn aláró Abẹ́òkúta náà kì í ti aṣọ bọ ìkòkò aró lọ́jọ́ tí wọ́n pò ó. Wọ́n á dúró títí yóò fi jinná. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pe ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní òfìfo.

Iṣẹ́ tó ń lọ nínú táǹkì lọ́wọ́lọ́wọ́ rèé. Ammonia tó mọ́, tí kò ní ọṣẹ tàbí òórùn dídùn nínú, ni a ń kán sínú omi títí yóò fi tó mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Òun ló dúró fún ìdọ̀tí ẹja. Lójoojúmọ́, ẹnì kan nínú wa ń bu omi díẹ̀ sínú ìgò ìdánwò, ó ń fi àwọ̀ rẹ̀ wé káàdì, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ammonia kò yẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nitrite sì yọjú. Ní báyìí tí a wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ammonia ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n nitrite ga débi pé àwọ̀ rẹ̀ ti kọjá èyí tó wà lórí káàdì. Ọjọ́ tí a bá kán mílígíráàmù 2 sínú rẹ̀, tí wákàtí 24 kọjá, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ òdo, ọjọ́ náà la ó sọ pé omi gbó. A ó wá pààrọ̀ púpọ̀ nínú omi náà kí nitrate lè wálẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ nípa nǹkan yìí lè sọ pé nitrite kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja nínú omi iyọ̀. Òótọ́ ni. Chloride tó pọ̀ nínú omi òkun ń dí i lọ́nà kó má ráyè wọ ara ẹja. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí májèlé nìkan la fi ń wò ó. Tí nitrite bá ṣì wà, a jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kejì kò tíì pé lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú tí òkúta funfun yẹn bá di aláwọ̀ búráùn láìpẹ́. Diatom ni, ohun abẹ̀mí tín-ín-rín tó máa ń bo táǹkì tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni algae tútù tó rí bí irun máa ń wá. Fọ́tò rẹ̀ kò ní wu ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àmì pé nǹkan ń wà láàyè ni.

Ibi tí àríyànjiyàn wà gan-an la fẹ́ dé báyìí. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn ontà ẹja kan ṣì ń júwe fún oníbàárà: ẹ ra ẹja damsel kan tàbí méjì, ẹ jù ú sínú omi tuntun, ó le, kò ní tètè kú, ìdọ̀tí rẹ̀ ni yóò gbé bakitéríà dìde. Ẹ̀gbọ́n kan fi ìmọ̀ràn yìí ránṣẹ́ sí wa tìfẹ́tìfẹ́, ó sì ní ẹja kékeré kan kò tó nǹkan tí èèyàn ń torí rẹ̀ sunkún, ṣebí a ń jẹ pańlá.

A ń jẹ ẹ́, a ò sì ní purọ́ pé a ò ní jẹ ẹ́ lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ẹja láti jẹ kò ní kó máa mí májèlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ebi òun tó yó. Ohun tí wọ́n ń pè ní "ó le" yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yóò jìyà pẹ́ kó tó kú. Tó bá ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn, a ì bá jókòó rò ó. Ọ̀nà mìíràn wà: ìgò ammonia kan àti sùúrù. Kí ni a fẹ́ fi ẹja ṣe tí ìgò ò lè ṣe?

Yàtọ̀ sí àánú, kò tún bọ́gbọ́n mu. Damsel tó bá yè é yóò sọ ara rẹ̀ di baálé táǹkì. Ẹja tó ń jà ni, yóò sì máa lé gbogbo ẹja tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kiri, nínú ilé tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Láti mú un jáde, àfi kí ẹ tú gbogbo òkúta palẹ̀.

Àwọn mìíràn ń fi àrọ̀ wé e. Wọ́n ní àwọn ń sin àrọ̀ nínú ike lẹ́yìn ilé, omi rẹ̀ ń rùn, ó sì ń sanra. Àrọ̀ ò ṣeé fi ṣe àkàwé. Ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ láti òkè omi, ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú abọ́ ìyá ẹlẹ́ja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú omi ife méjì. Ẹja inú àpáta iyùn kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi ti mọ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, ni wọ́n bí i sí.

Ọ̀nà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa tún jìn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹja òkun tí wọ́n ń tà fún táǹkì, inú òkun ni wọ́n ti ń kó o, kì í ṣe ilé ìsìn-ẹja. Indonéṣíà àti Philippines sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn apẹja kan lọ́hùn-ún ti lo sáyánáìdì láti fi mú ẹja kí ó dákú, èyí tó ń ba iyùn tó yí i ká jẹ́. Ẹja Banggai cardinalfish, tí akọ rẹ̀ ń gbé ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa, àwọn erékùṣù díẹ̀ ní Indonéṣíà nìkan ni ilé rẹ̀ gan-an. Wọ́n kó o tà títí àjọ IUCN fi kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ní 2007. Ẹja tó bá la gbogbo èyí já, tó wọ ọkọ̀ òfurufú nínú ọ̀rá dé Èkó, kí àwa wá fi ṣe ohun ìdánwò omi? Rárá o.

Iyùn náà kò ṣàjèjì sí wa. Iyùn pupa tó wà lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó, eegun ẹranko kékeré inú òkun ni, Òkun Mẹditaréníà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mìíràn máa ń pariwo tí a bá sọ fún wọn pé ẹranko ni iyùn. Ẹranko ni, ìbátan rẹ̀ sì ni a fẹ́ sìn láàyè nínú táǹkì yìí. Ìdí mìíràn nìyẹn tí a ò fi lè pọn omi kànga ẹ̀rọ lásán fún un. Kọ́pà díẹ̀ tó bá wà nínú omi lè pa iyùn, ìgbín àti edé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ò ní mọ̀ ọ́n lára. "Pure water" inú ọ̀rá pàápàá kò dájú, torí sísẹ́ nìkan kì í yọ ohun tó ti yòrò sínú omi. Omi tí wọ́n gba inú RO kọjá la ń lò, a ń po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, bíi gíráàmù 35 sí lítà kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ o, torí nínú iyọ̀ òkun ni calcium àti magnesium tí iyùn ń lò wà. Ẹni tó bá sì ń béèrè ìdí tí a ò fi lọ bu omi ní etíkun Èkó, kó wo ohun tí ọ̀sà ń tú síbẹ̀ lásìkò òjò.

A ò sọ pé àfi ẹni tó lówó ẹ̀rọ rẹpẹtẹ ló lè ṣe é. Ní 1961, Lee Chin Eng ní Jakarta kọ ọ́ síta bí òun ṣe ń sin ẹja òkun pẹ̀lú òkúta tó kún fún ohun abẹ̀mí láti inú òkun, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Òkúta tirẹ̀ ti ní bakitéríà lára kó tó wọ táǹkì. Tiwa gbẹ nígbà tó dé, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ òkun ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí a fi ń dúró ni owó tí a san fún ìyẹn.

Tí omi bá gbó ńkọ́? A ò ní kó ọjà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bakitéríà máa ń pọ̀ tó oúnjẹ tó bá rí. Tí a bá kó ẹja márùn-ún wọlé lọ́jọ́ kan, ammonia yóò tún padà wá. Ìgbín òkun díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, láti jẹ algae. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, clownfish méjì, èyí tí wọ́n bí sí ilé ìsìn-ẹja, torí clownfish jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ẹja òkun tí àwọn èèyàn ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń mú bímọ dáadáa. Akọ ni gbogbo wọn máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, èyí tó bá gba ipò àgbà ló ń di abo. (Ẹ wo bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe wà nínú ẹja méjì péré.) Wọn ò nílò anemone kí wọ́n tó lè gbé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rà á wá, táǹkì tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kì í ṣe ilé anemone. Lẹ́yìn wọn ni goby kan àti edé tó máa ń bá a gbé: edé náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, òun ló ń gbẹ́ ihò, goby ló ń ṣọ́nà. Ẹja mẹ́ta, ó tán. Iyùn rírọ̀ bíi mushroom àti zoanthid yóò tẹ̀lé e, pẹ̀lú ibọ̀wọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, torí májèlé líle wà nínú àwọn zoanthid kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀ kaná.

Ẹ̀gbọ́n tó ṣèlérí ẹja aláwọ̀ búlúù inú fíìmù Finding Nemo, ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù sí i. Ẹja yẹn lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn ìdajì gígùn táǹkì wa. Mandarin tí ẹlòmíràn dárúkọ náà rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n copepod tó ń jẹ kò tíì sí nínú omi wa. Ebi ni yóò pa á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ń bà wá lẹ́rù ju ammonia lọ: iná, àti ìdasẹ́sílẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe. Tí pọ́ǹpù bá dúró, atẹ́gùn inú omi ń tán lọ, àtẹja àti bakitéríà ló sì ń lò ó. Ooru ni ìṣòro kejì. Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ kún fún bí a ṣe ń mú omi gbóná. Tiwa ni bí yóò ṣe tutù dé nǹkan bí 26 nígbà tí yàrá wà ní 33 lóṣù kẹta. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ ojú omi máa ń mú un wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fa omi gbẹ, iyọ̀ kì í sì í bá omi lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: lítà 60 tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35 ní lítà kọ̀ọ̀kan, tó bá gbẹ dé 54, iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 39. Ọjọ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi omi tí kò níyọ̀ kún un ti tó. Inú táǹkì ńlá, ẹ ò ní fura. Inú kékeré bíi tiwa, iyùn á ti pajú dé.

Ní 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìdasẹ́sílẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ di ẹrù, ó lọ sílé. Ẹja ò ní ilé tí yóò lọ. Ta ni yóò máa kún omi rẹ̀? Ẹni tó bá ní kí a ra ẹja kí àlejò lè rí nǹkan wò, kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn. Àlejò yóò wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò jẹ ìrẹsì rẹ̀, yóò wọ mọ́tò lọ.

Àwọn akẹgbẹ́ wa kan tún ní ìbínú mìíràn, a ò sì lè sọ pé wọn kò jàre. Wọ́n ní ẹ̀ka tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ti ń pín maikirosíkóòpù kan lò ń fi owó ṣeré pẹ̀lú ẹja òkun. Tó bá jẹ́ pé ọ̀ṣọ́ ni táǹkì yìí, àwa pàápàá á bá wọn pariwo. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kọ́ wa nípa ìyípo nitrogen láti ilé ìwé girama; ọfà tó ń yí ká lójú pátákó ni a mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó ń dán omi wò báyìí ń rí i tó ń wálẹ̀, tó ń gòkè, lójú ara wọn, nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ẹ wá wo ìwé náà. Ó wúlò ju kí a tètè rí ẹja lọ. Tí a bá sáré fi ẹja síbẹ̀ tí wọ́n kú, ọ̀ṣọ́ lásán ló jẹ́ lóòótọ́, àwọn tó ń bínú á sì jàre tán pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, tí ọwọ́ yín bá ṣì ń yún yín láti fúnni, ẹ má ra ẹja. Ẹ bá wa ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì méjì, èyí tó máa ń tan ara rẹ̀ tí iná bá lọ, àti bátìrì tó lè gbé pọ́ǹpù ńlá fún òru kan. Ẹ bá wa wá ẹni méjì tó ń gbé nínú ìlú, yálà olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tó máa fọwọ́ sí i pé bí ilé ẹ̀kọ́ bá tì, àwọn á máa gba kọ́kọ́rọ́, àwọn á máa kún omi. Orúkọ méjì yẹn la ń dúró dè bí a ṣe ń dúró de nitrite. Tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ bá dé tí èyíkéyìí nínú méjèèjì kò tíì yanjú, omi àti òkúta ni àlejò yóò bá, ìwé àkọsílẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ẹnì kan nínú wa yóò sì dúró níbẹ̀ láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá béèrè pé ẹja dà.